Ọ̀já Tó Lọ Sójú Ogun

Ní Rye Lane ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí, Àǹtí Ọ̀já ni wọ́n ń pè mí. Àwọn kan fi ń yẹ́ mi sí, àwọn kan fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Gbogbo wọn ni mò ń dá lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó lọ wá orúkọ mìíràn, nítorí èyí ò dùn mí rárá.

Nígbà tí mo dé ìlú òyìnbó, kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi nílé tipẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé mo lè kí ènìyàn "ẹ káàárọ̀" lórí àtẹ̀gùn, kó wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ọmọ Ìṣẹ́yìn! Níbi tí a ti ń kí ẹni tó ń bọ̀, tí a ń kí ẹni tó ń lọ, tí a tún ń kí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. Mo kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tó yá, inú bí mi, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Mo ní wọn ò lè gba ìyẹn náà lẹ́nu mi. Ní báyìí, bàbá òyìnbó kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ti ń dá mi lóhùn: "Ẹ kárọ̀." Ìrọ̀lẹ́ pàápàá, "Ẹ kárọ̀" náà ló ń sọ. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Alhaja ni mo kọ́kọ́ gbé. Ará ìlú wa ni. Òun àti ọkọ rẹ̀, Alhaji, ti wà ní Peckham kí wọ́n tó bí mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Sìmíátù, tí gbogbo ayé ń pè ní Simi. Ibí ni wọ́n bí i sí. Bí ó bá ń sọ Yorùbá, ẹ máa rò pé iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo dé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ obìnrin ni, òun àti ọmọ náà sì wà nílé àwọn òbí rẹ̀.

Ọmọ náà ń ké lọ́jọ́ kan bíi pé wọ́n fi ata sí i lójú. Simi tì í kiri inú ilé nínú buggy, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ níbí, títí ó fi sú u. Mo ní kó gbé e wá. Mo lọ síbi àpótí mi, mo yọ ọ̀já tí ìyá mi fi sínú rẹ̀, èyí tó fi pọ̀n mí, tí èmi náà fi pọn Kàmọ́rù àbúrò mi. Mo gbé ọmọ sẹ́yìn, mo so ó pinpin, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ ra ẹja ní Rye Lane. Obìnrin òyìnbó kan nínú bọ́ọ̀sì ní ọmọ náà lè já bọ́, ó ní ibo ni buggy rẹ̀ wà. Mo ní, "Madam, she is sleeping." Ó sì ń sùn lóòótọ́. Gbogbo bọ́ọ̀sì ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n.

Ìjà ni Simi fi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Aunty, you can't be doing that, innit! Tó bá ṣubú ńkọ́? Wọ́n máa call social, wọ́n á wá gba ọmọ mi lọ."

Alhaja dáhùn láti inú ilé ìdáná. "Báwo la ṣe tọ́ ìwọ gan-an? Ṣé inú buggy lo jókòó sí tí o fi ti ọ̀run wá ni?"

Simi pòṣé, ó wọ yàrá lọ. Ọmọ ò jí títí ẹja fi jinná.

Ọ́fíìsì kan ni mo ń gbálẹ̀ rẹ̀ lápá Surrey Quays. Ọ̀gá wa níbẹ̀ wo orúkọ mi lára káàdì, ó ní ó gùn jù, òun á máa pè mí ní Mary. Mo ní rárá o. Bó bá pe Mary, n kò ní dáhùn, màá máa ti mọ́ọ̀pù mi lọ. Ó ní olóríkunkun ni mí. Kò parọ́. Ọjọ́ kan ló nílò kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Ó dúró lẹ́bàá lífùtù, ó pe orúkọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó pè é bí ẹni tó ń gun òkè, ṣùgbọ́n ó pè é. Mo fi ẹ̀rín dá a lóhùn, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ lè ní kí ni ìyẹn já mọ́. Mo ra ẹja ńlá lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Wọ́n máa ń bi mí pé ibo gan-an ni ilé mi. Òyìnbó ń bi mí, àwọn ará ilé náà ń bi mí lórí fóònù, pàápàá bí ohùn mi bá ti yí díẹ̀. Ìṣẹ́yìn ni ilé mi. Peckham náà ni ilé mi. Ẹni tó bá ní dandan ni kí n mú ọ̀kan, kó kọ́kọ́ sọ èyí tí kò fẹ́ mọ́ nínú ojú rẹ̀ méjèèjì.

Kàmọ́rù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi kan ṣoṣo ni, ṣọ́jà sì ni. Nígbà tí ìyá wa bá lọ sóko, èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n. Èmi náà kéré nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Nígbà tí òun náà gbọ́njú, òun ló ń pọn àwọn ọmọ ilé wa. Bí wọ́n bá ní ọkùnrin kì í pọnmọ, á ní, "Ẹ wá gbà á pọ̀n nígbà náà." Kò sẹ́ni tó ń gbà á.

Wọ́n gbé e lọ sí apá Borno, níbi tí ogun ti lé àwọn ènìyàn kúrò nílé wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n máa kó oúnjẹ àti ẹrù tí àwọn aláàánú bá dá jọ lọ fún àwọn ìdílé tó wà ní ìgbèríko. Ọ̀nà ibẹ̀ ò ṣeé rìn láìsí ṣọ́jà. Ìyá wa kì í sùn. Kò sí ìgbà tí mo pè é tí kì í sunkún: "Sọ fún àbúrò ẹ kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Tìẹ ló máa gbọ́." Mo sọ ọ́ fún Kàmọ́rù. Ó ní, "Àǹtí mi, tí mo bá fi sílẹ̀, ta ló máa gbé ìrẹsì lọ fún wọn?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbèjà rẹ̀ níwájú ìyá wa.

Nígbà kan tó pè mí, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń rín. "Àǹtí mi, wọ́n kó buggy wá o. Òkìtì buggy!"

"Sí Borno?"

"Sínú iyanrìn! Táyà rẹ̀ ń rì wọlẹ̀ ṣáá ni."

"Kí lẹ wá fi wọ́n ṣe?"

"A fi ń ti kẹ́ẹ̀gì omi níbi tí ilẹ̀ bá le." A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní àwọn obìnrin yẹn sá jáde láìmú nǹkan kan. Ó ní òun rí ọ̀kan tó fi okùn àpò ìrẹsì so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, okùn náà sì ti bó ọmọ lára. "Ọ̀já ni wọ́n ń wá, Àǹtí mi. Majanyi làwọn tó ń sọ Hausa ń pè é. Ẹ bá mi wá ọ̀já."

Mo sunkún lórí ìjókòó. Mo nu ojú mi, mo ní ó ti rí i gbà.

Alhaja ti kú nígbà náà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Alhaji ló jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ sàráà ní mọ́ṣáláṣí wa, wọ́n sì ti ń kó ẹrù jọ láti fi ránṣẹ́ sílé fún àwọn tí ogun lé. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn àsàlátù, mo wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n kó ẹrù sí. Kí ni mo rí? Buggy! Buggy látilẹ̀ dókè, pẹ̀lú kóòtù onírun àti bàtà yìnyín. Àwọn ìyá wa ló kó wọn wá, àwọn tí wọ́n fi ẹ̀yìn pọ̀n dàgbà, tí àwọn náà fi ẹ̀yìn pọn ọmọ ní Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́! Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ dákun, ta ló máa ti kẹ̀kẹ́ nínú iyanrìn?" Mo sọ ohun tí Kàmọ́rù sọ fún wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká rán ọ̀já, kó sì kọjá lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà tó ń lọ síbẹ̀.

Alhaji ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ohun tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ṣọ́jà," ó ní, "ó ti jóná."

Simi dìde lẹ́yìn. "Me, I'm not giving soldiers nothing. Gbogbo wa la ń rí i lórí fóònù, Aunty. Wọ́n ń na people."

Mo ní, "Simi, o ò parọ́. Èmi náà ti rí ṣọ́jà tó fi bẹ́líìtì na ènìyàn lójú títì. Mi ò wá gbèjà gbogbo ṣọ́jà. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Kàmọ́rù ni mo mọ̀."

Alhaji kọjú sí mi. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tó lé mi kúrò nílé? Ṣọ́jà gbá mi létí lójú ìyàwó mi. Mi ò ṣe nǹkan kan fún un. Ó ní kí n kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni mo sọ fún Alhaja pé a ò ní tọ́ ọmọ nílẹ̀ yẹn." N kò gbọ́ ìtàn yẹn rí, Simi pàápàá ò gbọ́ ọ rí. Ó yíjú wo bàbá rẹ̀ bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n n kò jókòó. Mo ní, "Alhaji, ẹ má bínú. Àbùkù tí wọ́n fi kàn yín yẹn, kì í ṣe àbúrò mi ló fi kàn yín. Mo fi orúkọ mi dúró fún un. Tí ẹrù yìí ò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́mọ, ẹ má jẹ́ kí n tẹ ẹsẹ̀ wọ àsàlátù yìí mọ́."

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Ọ̀já lọ́wọ́ ṣọ́jà! Ṣé òun ló máa kọ́ wọn ní ọmọ pípọ̀n ni?" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

Mo kọjú sí i. "Àbúrò mi mọ ọmọ pọ̀n ju ìwọ lọ, ju ìyàwó ẹ náà lọ." Ẹ̀rín náà wá yí sí i lórí. Bí wọ́n ṣe gbà nìyẹn, pẹ̀lú ìkùnsínú.

Inú pálọ̀ Alhaji ni a ti rán an, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ Alhaja wà. Àwọn tó ń ta aṣọ ní Rye Lane fún mi ní àjákù àǹkárá. Bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, ìdí ẹ̀rọ ni. Àwọn ìyá alásàlátù ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gé, wọ́n ń ṣẹ́ etí, wọ́n ń sọ ti ọmọ tí wọ́n pọ̀n àti ti èyí tí wọn ò rí pọ̀n. Simi kàn ń kọjá ni, kò bá wa jókòó.

Ọ̀sán ọjọ́ tí a ń di ẹrù ni Simi jáde láti yàrá ìyá rẹ̀, ó gbé ìró kan lọ́wọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Àǹkárá aláwọ̀ ewé tó ní ẹyẹ pupa lára. Òun ni Alhaja ró lọ́jọ́ tó wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye, ẹyẹ pupa yẹn ni mo fi dá a mọ̀ láàárín èrò. Aṣọ òkú, sàráà là ń fi í ṣe, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n Alhaji ò tíì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan aṣọ ìyàwó rẹ̀ láti ìgbà tó ti kú.

"Gé e," Simi ní. "Cut it. Tí wọ́n bá tà á, màá mọ̀. Wallahi, màá mọ̀."

Mo wo Alhaji. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Gé e," òun náà ní. "Ṣùgbọ́n ọrùn ẹ ló wà o."

Mo mú sísọ́ọ̀sì. Bí aṣọ yẹn bá sọnù, orúkọ Kàmọ́rù bàjẹ́ ní Peckham títí ayé nìyẹn, n kò sì mọ ojú tí màá fi wo bàbá àti ọmọ yìí mọ́. Mo gé e, mo rán an ní ìránpo méjì.

Ẹrù dé Èkó, ó sì gòkè lọ sí Màídúgùrì. Kàmọ́rù pè mí. "A ti gbà á, Àǹtí mi. Ọ̀la la máa gbé e lọ." Lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mo pè, kò wọlé. Mo tún pè. Ìyá mi ń pè láti Ìṣẹ́yìn, ó ní òun lálàá. Mo ní kó má rọ́ ọ fún mi. Nínú bọ́ọ̀sì, nídìí mọ́ọ̀pù, orí fóònù ni ojú mi wà. Ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn, àwọn àgbà ló sọ ọ́. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, mo mọ̀. Mo mọ bí ó ṣe ń wúwo tó bó bá sùn. Ẹ̀rù ń bà mí.

Peckham ò dákẹ́ ní tiwọn. Níbi tí mo ti ń ra ẹja, obìnrin kan ní, "Ọ̀já ti di owó o." Mo gbé ẹja náà kalẹ̀. Mo ní, "Àbúrò mi lè ti kú, ìwọ ń sọ ti owó! Ọlọ́run á bi ọ́." N kò ra ẹja mọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n tí Àìkú bá ti tó, mo ń lọ sí àsàlátù. Iwájú gan-an ni mo ń jókòó sí, níbi tí wọ́n ti máa rí mi. Kí wọ́n wò mí níran. N kò ṣe nǹkan ìtìjú.

Ọjọ́ Àìkú kan bẹ́ẹ̀, a ti ṣe àdúà tán, Alhaji sì ń kéde pé bóyá ká pa ọ̀rọ̀ ẹrù yẹn tì, ni fóònù mi bá dún. Fídíò ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ojú Kàmọ́rù yọ, ó gbẹ, eruku kún irùngbọ̀n rẹ̀. Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ilé fi dìde. "Kàmọ́rù! O wà láàyè! O wà láàyè, ọmọ ìyá mi!"

"Mo wà o, Àǹtí mi. Wọ́n ba òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi tí a wà jẹ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síbi tó ti ń wọlé ni." Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, n kò mọ ìdí rẹ̀.

Alhaji na ọwọ́, ó gba fóònù. "Salamu alaikun. Èmi ni olórí ìgbìmọ̀ sàráà. Ẹrù wa dà?"

"Alaikun salamu, sà. Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ dákun, ẹ forí jì mí, mi ò lè dọ̀bálẹ̀."

Ojú Alhaji le. Ó wò wá, bí ẹni tó ń sọ pé ṣé ẹ ti rí i. "O ò lè dọ̀bálẹ̀ fún àgbàlagbà? Kí ló dé?"

Kàmọ́rù yí ẹ̀yìn padà díẹ̀díẹ̀.

Orí ọmọ kékeré kan wà léjìká rẹ̀, ẹnu ọmọ náà là, ó ń sùn. Aṣọ aláwọ̀ ewé ló gbà á mọ́ ara ṣọ́jà yẹn, ẹyẹ pupa yí ìdí ọmọ ká, ìbọn rẹ̀ sì wà ní àyà.

Ó ṣàlàyé fún wa bí ó ṣe ń mi ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ọmọ má bàa jí. Ọkọ̀ wọn rì sínú iyanrìn, wọ́n sì fi orí ru ẹrù rìn dé abúlé. Wọ́n ti pín ọ̀já tán. Ibà dá ìyá ọmọ yìí dùbúlẹ̀, wọ́n ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ìyá àgbà sì ti pọn ọmọ mìíràn. "Mo bá ní kí ó gbé ọmọ àti ọ̀já rẹ̀ fún mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, sà. Ní báyìí, àwa mẹ́ta la pọnmọ."

Mo bojú wẹ̀yìn, mo wá ọkùnrin tó fi ọ̀já ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́sí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Simi ti dé ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀. Ó fi ìka kan ojú fóònù. "Mummy nìyẹn," ó ní. "Daddy, that's Mummy's." Ẹkún gbé ohùn rẹ̀ lọ.

Kàmọ́rù gbọ́ ọ, ó ṣì í gbọ́. Ó ti ń na ọwọ́ sí ìdí ọ̀já. "Ẹ má bínú, mà. Ṣé ẹ fẹ́ gbà á padà ni? Mo lè wá òmíràn."

"Má tú u!" Alhaji ló pariwo bẹ́ẹ̀, omijé ń bọ́ sí àgbọ̀n rẹ̀. "Ṣọ́jà! Mo ní o ò gbọdọ̀ tú u!"

Kàmọ́rù nà ró ṣánṣán. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ́rí fún bàbá náà.

"Yẹ́ẹ̀sì, sà!"

Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ò jí.